Àwọn Oṣù Tí Màmá Fájuyì Fi Dán Ayé Wò

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára bàtà wa ní itẹ́ òkú tí a sin Màmá sí, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tó máa ń bá wa tún fíríìjì ṣe fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú àmúmọ́ra ni. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Màmá ní ká wò lóṣù yìí?"

Kò fi ikú ṣeré o. Ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́ ni. Nígbà tí mo mi orí pé mi ò mọ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí wa lọ, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi kan.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá. Ẹ̀yìn oríta Fájuyì nílé rẹ̀ wà ní Adó-Èkìtì, níbi tí ariwo ọ̀kadà ti ń jí èèyàn kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Màmá Fájuyì. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba nílùú yìí lónìí ló ti fi ọwọ́ wọn tó dọ̀tí hàn án rí ní kíláàsì. Láti ìgbà tí mo ti ríṣẹ́ olùkọ́ ní Adó ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn tó bá ti gbálẹ̀ tó sì ti wẹ̀, Màmá á fi yẹtí sétí, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, á gbé fóònù síwájú ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jẹ iṣu sísun, á sì ka ìròyìn oṣù fún gbogbo ẹbí lórí Wásáàpù. Ohùn nìkan la máa ń gbọ́ o, síbẹ̀ kò ka ìròyìn láìfi yẹtí sí i rí. Apá kìíní ìròyìn náà ni ohun tó dán wò lóṣù yẹn nínú ìgbé ayé rẹ̀ àti bó ṣe rí. Apá kejì ni ohun tó ní ká lọ wò, tàbí ká lọ gbọ́. Ìdánwò ló ń pe ohun tó ń dán wò náà. Tí ó bá ń bá àwọn ará Èkìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, á di udánwò.

Ìbínú ló bí ìròyìn náà. Bùrọ̀dá ìyá mi tó wà ní Kánádà ló kó wa jọ sórí Wásáàpù, ó sì fi Màmá sí i. Màmá wò ó títí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àdúrà tí àwọn kan kọ ránṣẹ́ láti ibòmíràn, ọjọ́ ìbí, àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Lọ́jọ́ kan ó tẹ fóònù, ó ní, "Ẹ̀yin ará ulé yìí, ṣé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan lóṣù yìí ju kó ṣàìsàn lọ?" Ìyá mi nìkan ló fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́. Àwòrán ọwọ́ yẹn ló bí Màmá nínú jù. Ó ju fóònù sórí ìjókòó, ó ní, "Ó dáa. Èmi á ṣe nǹkan."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní òun kò ní jẹ iyán fún odindi oṣù kan.

Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ fura, nítorí wọn kò gbúròó ọmọ odó láti ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá Tósìn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú lórí ògiri, ó ní, "Màmá, ṣé odó yín là ni?" Màmá ní odó kò là. "Ṣé uṣu ò sí ni?" Màmá ní iṣu wà. Ìyá Tósìn wò ó tàánútàánú, ó sọ̀ kalẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ ti dé pẹ̀lú òróró. Wọ́n kọrin, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n gbàdúrà lé gbogbo ohun tó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Màmá ń ṣe àmín kíkankíkan, nítorí kì í fi àdúrà ṣòfò, kódà èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà àìtọ́. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan àtijọ́ tó ti di ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba rán dírẹ́bà sí i pẹ̀lú kúlà iyán àti ẹ̀gúsí. Èyí tó dé lọ́jọ́ kejì tóbi ju ti àná lọ. Èmi ni mò ń jẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oṣù fi máa parí, síìpù síkẹ́ẹ̀tì mi kò gòkè mọ́, Màmá sì wà bó ṣe wà.

Nígbà tí ó ka ìròyìn, ó ní, "Ebi ò pa mí o. Àwọn ará àdúgbò ni ebi ń pa nítorí mi."

Ó tún lóṣù kan tó fi ẹ̀yìn rìn. Orúnkún ló ń dùn ún, nọ́ọ̀sì sì ní kí ó máa rìn dáadáa. Ibi tí ó ti gbọ́ pé ìrìn ẹ̀yìn ló dára jù fún orúnkún, n kò mọ̀ dòní. Bó ṣe ń ti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tó kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, tí èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mò ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ bí ẹni tó ń ran tírélà lọ́wọ́ láti wọlé. Ọlọ́kadà kan rí i tó kọjú sí òun, ó rò pé òun ló ń pè, ó dúró. "Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?" Màmá ní, "Mi ò pè ọ́. Mò ń lọ sí ibi tí o ò rí mi tí mò ń wò." Ọlọ́kadà náà pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó, ó ń ronú.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó burú sí. Ẹ̀yìn Màmá ni àwọn tó dúró níbẹ̀ rí, wọ́n rò pé ó ń bínú lọ sílé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kígbe pé, "Ó dàbọ̀ o, Màmá!" Màmá sì túbọ̀ ń sún mọ́ wọn. Ẹni tó ń tọ́ àwọn èèyàn sí ìjókòó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú, ẹni yòówù kó ṣẹ̀ yín, ẹ má lọ." Màmá ní, "Dìde níbẹ̀ kí n ráyè wọlé."

Alùfáà bi í lẹ́yìn ìsìn pé kí ló fa èyí. Ó ní, "Ibi tí mo ti ń bọ̀ ni mo fẹ́ wò, sà. Ibi tí mò ń lọ, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́."

Fíríìjì wa ti ya ìpáǹle kí ó tó di oṣù tí Màmá ní òun á máa kí gbogbo ohun tó bá ń bá òun ṣiṣẹ́ nínú ilé. Láràárọ̀ ó ń kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, bó ti wù kí orúnkún máa dùn ún tó. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò sùn mọ́jú. Ẹ kú ooru." Ó ń kí áyọ́ọ̀nù, ó ń kí fáànù, ó ń kí mítà iná pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí n kò rí kí ó fún àna rẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fíríìjì ṣe wá lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn fíríìjì, ó sì bá a tó ń tutù bí yìnyín. Ó tì í padà. Ó dìde, ó dúró díẹ̀, ó sì wí fún fíríìjì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n máa fi ìròyìn oṣù ránṣẹ́ sí òun náà.

Ohun tí Màmá bá ní ká wò wá jẹ́ ìyọnu mìíràn. Ó ní ká máa gbọ́ ìròyìn Hausa lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ Hausa. Ó ní ohùn ọkùnrin tó ń kà á dára, "ó sì ti ń ka ìròyìn látọjọ́ yìí, kò tíì bà mí lọ́kàn jẹ́ rí." Ó máa ń yan fíìmù fún wa, ṣùgbọ́n ìdajì fíìmù ló ń yàn. Ó ní ìdajì kejì, ìpànìyàn ni gbogbo rẹ̀, kí olúkúlùkù pa fíìmù náà nígbà tí àwọn tọkọtaya bá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lóṣù mìíràn, kì í ṣe rédíò kì í sì í ṣe fíìmù ló ní ká wò. Ó ní ká lọ wo àwọn òbúkọ tó ń jà nídìí ilé kan tí wọn kò kọ́ parí ní òpópónà wa. Ó ní ká lọ gbọ́ ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku ní Fájuyì, pé bó ṣe ń pe orúkọ eku, èèyàn á rò pé ó ń kí ìjòyè ni.

Bùrọ̀dá ìyá mi kọ̀wé láti Kánádà pé, "Màmá, báwo ni èmi ṣe fẹ́ rí òbúkọ Adó láti ibí?"

Màmá fi ohùn dá a lóhùn. "Wá sílé wá wò ó."

Ó yẹ kí n sọ pé ó le. Màmá kì í tọrọ àforíjì. Bó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, á bi ọ́ pé kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń wá níbẹ̀. Kì í sì í yí èsì ìdánwò padà. Nígbà tó ń kọ́ni, ìyá mi wà ní kíláàsì rẹ̀, ó sì fi ìdí rẹmi nínú ìṣirò. Bàbá àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ojú ọmọ. Ó ní ojú ọmọ kò sí nínú ìṣirò. Ìyá mi tún kíláàsì yẹn kà, ó ṣì ń sọ ọ́ títí dòní tó ti di ìyá ìyàwó. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni kí ẹ lè mọ bí ohun tí Màmá ṣe fún àbúrò rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé ni Bàbá Ìyìn. Ìyìn-Èkìtì ló ń gbé, kò jìnnà sí wa rárá. Dírẹ́bà ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Iyì rẹ̀ ni pé ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọn kò tíì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á tẹ́tí, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn mẹkáníìkì ń wá pè é láti Adó. Etí rẹ̀ ni wọ́n ń wá gbé.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá sọ́dọ̀ Màmá kí wọ́n lè jọ gbọ́ eré kan lórí rédíò. Eré náà pẹ́ kí ó tó parí. Lọ́jọ́ tó parí, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bó ẹ̀wà. Ọkọ àti ìyàwó tó wà nínú eré náà ni jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹnì kan sì kú. Bí wọ́n ṣe pa rédíò, Bàbá Ìyìn mí kanlẹ̀, ó ní, "Áà, ó mà ṣe o. Ọkọ kú."

Màmá ní, "Ìyàwó ló kú."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ ni."

"Káyọ̀dé, ìyàwó ni. Ọkọ ló ń sunkún lẹ́yìn náà."

"Ìyàwó ló ń sunkún ọkọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé etí rẹ ti di ni?"

Bàbá Ìyìn mú fìlà rẹ̀, ó dìde, ó kọjá lára mi láìwò mí, ó lọ gun ọ̀kadà. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọdún ń gorí ọdún. Nítorí ẹni tó kú nínú eré! Tí iṣu tuntun bá dé, Bàbá Ìyìn á gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á jù ú sẹ́nu géètì, á kan géètì gbàgbàgbà, á sì sá lọ bí ọmọdé tó kó bá èèyàn. Màmá náà á fi ẹja gbígbẹ rán mi sí i, á ní, "Má sọ pé èmi ni." Bàbá Ìyìn á gba ẹja náà, á ní, "Mi ò ní bi ọ́ ẹni tó rán ọ."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ débi tí ẹbí ti gbà pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn, Màmá ka ìròyìn oṣù lọ́jọ́ kan, ó sì fi èyí parí rẹ̀: "Lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbé nínú ulé ẹni tó ń bínú sí mi. Kí òun náà wá gbé nínú tèmi."

Èmi ni wọ́n rán sí Ìyìn. Mo bá Bàbá níwájú ilé, mo sọ ọ́ fún un, mo tún un sọ. Ó ronú. Ó ní, "Sọ fún un pé àga mi kò dára." Mo padà wá sí Adó. Màmá ní òun ò béèrè àga. Mo tún padà lọ. Bàbá ní òun gbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rédíò òun. Màmá ní òun náà gbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó sí àyè òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ilé. Ọkọ̀ tó gbé Màmá àti èyí tó gbé Bàbá pàdé lójú ọ̀nà. Mo wà pẹ̀lú Màmá. Bí ó ṣe rí àbúrò rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó yíjú sí igbó. Mo wo Bàbá náà. Igbó tòdìkejì lòun ń wò.

Ọjọ́ tí Bàbá dé ilé wa ló lọ jókòó sí àyè Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn máa ń wá bá Màmá fún ìmọ̀ràn, wọn kò sì mọ̀ pé kò sí nílé, nítorí náà Bàbá ni wọ́n ń bá. Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú, ó ní, "Bàbá, ọkọ mi ni o. Kì í dá mi lóhùn mọ́ láràárọ̀."

Bàbá mi orí bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí. "Bátìrì ni," ó wí. "Ẹ má tì í. Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi. Tó bá dọ̀la, ẹ wò ó bóyá omi inú rẹ̀ ló gbẹ, kí ẹ bu omi sí i."

Mo fẹ́ẹ̀ ṣubú níbi tí mo dúró sí. Ọkọ̀ ló gbọ́! Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó gbé ọsàn wá. Ó ní òun fi í sílẹ̀ kó sinmi bí Bàbá ṣe wí, òun gbé omi tútù síwájú rẹ̀ láràárọ̀, òun kò tì í láti sọ̀rọ̀, ó sì ti ń dáhùn báyìí. Bàbá gba ọsàn, ó ní kí wọ́n ṣáà máa yẹ òróró rẹ̀ wò.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá béèrè ìgbà tí Màmá ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni, sà?" Bàbá ní, "Àgbàdo ò tíì gbó." Wọ́n lọ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi pé Màmá yóò dé nígbà ìkórè àgbàdo. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí mo wá rí i pé wọ́n ń kan géètì tí kò dìde, tí mo pè é láti ẹ̀yìn tí kò wẹ̀yìn, tí ìkòkò jábọ́ ní ilé ìdáná tí kò yí orí, ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ wo Màmá ní Ìyìn. Mo ti géètì wọlé, mo bá a tó jókòó sínú yàrá iwájú, tó ń wo aṣọ pupa kékeré kan tó so rọ̀ sí iwájú àga. Ó ní, "Padà sí géètì. Ṣí i."

Mo ṣí i. "Tì í."

Mo tì í. Nígbà tí mo wọlé, ó tọ́ka sí aṣọ pupa náà. Ó ń mì. Okùn kan ló so mọ́ ọn, okùn náà gba ojú fèrèsé jáde, ó gba ara ògiri, ó lọ dé géètì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí géètì, aṣọ á mì níwájú ẹni tó jókòó sórí àga.

Màmá ní, "Mo rò pé páńpẹ́ eku ni. Mo fẹ́ tú u. Àwọn ọmọ tó ń bá a gbé nínú ulé yìí, wọn kì í pè é. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń fà. Mo fọwọ́ kan rédíò rẹ̀, mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo tàn án, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bí ohùn rẹ̀ ṣe ga tó." Ó fi ìka kan aṣọ pupa náà. "Kò gbọ́ eré yẹn, Bùnmi. Kò gbọ́ ọ. Ó jókòó tì mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ó ń wo ojú mi ni. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká mú un lọ rí dókítà."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún un pé etí rẹ̀ ti lọ? Etí tó fi jẹun?" Ó mi orí. "Èmi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fi rẹ́rìn-ín."

Mi ò rí Màmá kó sunkún rí, kò sì sunkún lọ́jọ́ yẹn náà. Ó ṣáà ní kí n máa lọ ṣí géètì kí n máa tì í, ó sì ń wo aṣọ náà títí oòrùn fi yí.

Nígbà tí ó di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ó fi yẹtí sétí nílé àbúrò rẹ̀ ní Ìyìn, ó gbé fóònù. Gbogbo ẹbí ló ti ń retí rẹ̀; wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn nípa ẹni tí yóò borí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ àwọn ọmọ mi, ẹ kú oṣù o. Ulé àbúrò mi tura. Àga rẹ̀ kò dára, ó sọ òótọ́. Mo fara balẹ̀ ronú sí eré tí a jọ gbọ́ níjọ́sí. Ọkọ ló kú. Káyọ̀dé ló gbọ́ ọ dáadáa."

Èmi tí mo bó ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé ìyàwó ló kú. Màmá náà mọ̀. Obìnrin tó fi ìdí ọmọ rẹ̀ rẹmi nínú ìṣirò ló ń purọ́ fún gbogbo ẹbí yìí, láti Adó títí dé Kánádà, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Ó ní kò tíì tán o. "Ìdánwò oṣù tó ń bọ̀, gbogbo wa la jọ máa ṣe é. Ẹ máa kọjú sí ẹni tí ẹ bá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ la ẹnu dáadáa. Ẹ gbé ohùn sókè. Ẹ má fi ẹ̀yìn bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn òkè ń mú ẹ̀dọ̀fóró le." Ibi tó ti rí ẹ̀dọ̀fóró, n kò mọ̀.

Mo gbé fóònù sí Bàbá létí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo gbé ohùn rẹ̀ dé òpin. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ọ. Ìyá Tósìn yọjú lórí ògiri. Bàbá gbọ́ ọ dé orí ọ̀rọ̀ eré, kò dúró gbọ́ ìyókù, ó ní kí n tún un tàn. Mo tún un tàn. Ó dìde, ó na apá. "Mo sọ fún un!" ó kígbe. "Bùnmi, ṣé mi ò sọ fún un?"

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ó wá sí Adó gẹ́gẹ́ bí àlejò. Wọ́n jókòó kojú síra. Ilé kún. Ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, gbogbo wa sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tuntun, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pariwo mọ́ ara wa lójú. "Ẹ BÁ MI MÚ IYỌ̀!" "IYỌ̀ NÌYÍ!" Ìyá Tósìn sáré wọlé láti là wá, ó rò pé ìjà ogún ni. Kódà bùrọ̀dá ìyá mi ń kígbe láti Kánádà lórí fóònù tí a gbé sórí tábìlì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń bi í pé ta ló ń bá jà.

Bàbá Ìyìn ń wò wá láti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ó pẹ́ kí ó tó kọjú sí Màmá. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí gbogbo yín ń pariwo báyìí?"

Màmá la ẹnu gbàgà. "ÌDÁNWÒ OṢÙ YÌÍ NI!"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú títí. N kò mọ ohun tí wọ́n wí fún ara wọn nínú ìwò yẹn. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé, "Ó dára. Ẹ má jẹ́ kó parí."

Kò sì parí. Oṣù mìíràn dé pẹ̀lú ìdánwò mìíràn, ṣùgbọ́n ti ariwo yẹn dúró. Ẹ ó mọ ilé wa láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń wọ̀ sí etí kan, tó ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ tó bá rántí láti fi í sí i.

Àìsàn Màmá kò pẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ fún bí oṣù kan tí kò ka ìròyìn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ débi tí èèyàn fi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kú, ooru mú ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ. Bàbá Ìyìn ti dé láti òwúrọ̀; kò rántí mú ẹ̀rọ etí rẹ̀. Ó dìde láti lọ, nítorí nọ́ọ̀sì ti wí fún un pé kí ó jẹ́ kí Màmá sinmi, ó sì ti dé fìlà.

Màmá ṣí ojú. Ètè rẹ̀ mì. Èmi tí mo wà níhà orí rẹ̀ gbọ́ ọ kedere. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó nàró, ó ṣí fìlà. "Ó ní kí n má lọ," ó wí. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

Mo lọ ṣí fèrèsé. Atẹ́gùn wọlé díẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, Bàbá ń wò mí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dá lójú.

"Bùnmi, ṣé ohun tó wí nìyẹn?"

Mo wá síwájú rẹ̀. Mo kọjú sí i, mo la ẹnu dáadáa, mo gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní kí ẹ má lọ."